Gíráàmù Mẹ́sàn-án Omi

Bàbá mi, tíṣà tí ó kọ́ ọmọ gbogbo ìlú ṣùgbọ́n tí kò parí ẹ̀kọ́ tèmi,

Ẹ kú ìsinmi. Mo mọ̀ pé ìkíni yìí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Láti kékeré mi ni ẹ ti máa ń fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ìkíni inú lẹ́tà mi. Ẹ fà á o. Inú ń bí mi lónìí, ẹ̀yin ni mo sì fẹ́ bá jà, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí ìjà náà tọ́ sí.

Fọ́ọ̀mù kan wà níwájú mi lórí tábìlì ìdáná. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni. Wọ́n ti kọ orúkọ mi sí i, wọ́n ti kọ orúkọ iṣẹ́ tí mo ń kọ́ sí i, ìyẹn kẹ́mísírì, ó ku kí n fọwọ́ sí i. Tí mo bá fọwọ́ sí i kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó lù, wọn yóò yọ mí kúrò nínú kíláàsì náà wọ́ọ́rọ́wọ́, wọn kò sì ní kọ ọ́ síbì kan pé mo kùnà. Ṣùgbọ́n láìsí kẹ́mísírì, kò sí ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì fún mi lọ́dún yìí. Tí n kò bá sì fọwọ́ sí i, tí mo dúró, tí mo wá kùnà, ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì tí mo fojú sí kò ní yẹ ọ̀rọ̀ mi wò mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì ni mí, Bàbá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìyí.

Ọkùnrin tí ó ń gbà wá nímọ̀ràn nílé-ẹ̀kọ́ ni ó fún mi ní fọ́ọ̀mù náà. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ní kí n má wulẹ̀ da ara mi láàmú, pé kẹ́mísírì kì í bá ọ̀pọ̀ àgbàlagbà lára mu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi fọ́ọ̀mù náà sínú báàgì, mo jókòó sínú mọ́tò mi fún ogún ìṣẹ́jú, n kò tan mọ́tò náà. Kì í ṣe pé mo ń sunkún. Ẹ̀yin ni mo ń rántí.

Nítorí pé mo ti rí irú fọ́ọ̀mù yìí rí. Ẹ̀yin ni ẹ fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ náà? Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mí, mo wà ní SS1, kíláàsì sáyẹ́ǹsì, ẹ̀yin sì ni tíṣà wa. Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n mi náà wà níbẹ̀, nítorí ó tún kíláàsì kà. Ẹ pè mí síwájú pátákó. Ẹ béèrè pé mólékù mélòó ni ó wà nínú gíráàmù mẹ́sàn-án omi. Ogójì ọmọ ń wò mí lẹ́yìn. Mo mú ṣọ́ọ̀kì dání títí ó fi rọ̀ nínú òógùn ọwọ́ mi, n kò mọ ibi tí mo máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí n lọ jókòó. Ẹ pe Káyọ̀dé, òun náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ pe ẹni mẹ́ta sí i, kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n nínú wọn. Ẹ fẹ́ ṣọ́ọ̀kì kúrò ní ìka yín bí ẹ ti máa ń ṣe kí ẹ tó fọwọ́ kan oúnjẹ, ẹ dáhùn ìbéèrè náà fúnra yín, ẹ sì bá iṣẹ́ lọ.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo dé ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ní orúkọ mi ti kúrò ní sáyẹ́ǹsì. Ẹ ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n gbé mi lọ sí kọmáṣà. Orúkọ Káyọ̀dé wà níbi tó wà. Orúkọ àwọn mẹ́ta yòókù wà níbi tó wà. Ẹ kò bá mi sọ ọ́ nílé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan wá fún mi, ẹ ní iṣẹ́ ọ́fíìsì yá ju gbogbo iṣẹ́ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Bàbá, mo kúnlẹ̀!

Àwọn àgbà ní ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní òwe yẹn. Ta ni ẹ wá fi ìlẹ̀kẹ̀ tèmi sí ní ìdí?

Káyọ̀dé ti gbìyànjú láti bá yín ṣàlàyé. Lẹ́yìn tí a sin yín, ìyẹn ìsìnkú tí mo wò lójú fóònù ní Atlanta níbí pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó ní ẹ̀rù ni ó ń bà yín, pé kí ará ìlú má baà sọ pé tíṣà ń ṣègbè fún ọmọ rẹ̀. N kò gbà. Òun náà kì í ṣe ọmọ yín ni? Ó sì ṣe ìdánwò kẹ́mísírì yẹn nígbà mẹ́ta kó tó yege, táìlì ilẹ̀ ni ó ń tà n'Íbàdàn lónìí, ayọ̀ rẹ̀ sì kún. Kò tíì rí ohun tí ó fi móòlù inú kẹ́mísírì náà ṣe. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ bá ti fún mi ní àyè rẹ̀.

Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé n kò kúrò nínú kíláàsì yín. Ní gbogbo àárọ̀ Sátidé tí àwọn ọmọkùnrin bá wá gba ẹ̀kọ́ ní pálọ̀ wa, èmi wà ní ẹ̀yìnkùlé, mo ń fọ ìkòkò. Ẹ óò pe orúkọ, wọn óò pe nọ́ńbà. Háídrójìn, oókan! Kábọ̀n, méjìlá! Ọ́síjìn, mẹ́rìndínlógún! Kọ́pà, mẹ́rìnlélọ́gọ́ta! Ohùn yín máa ń gòkè bí ẹ bá dé kọ́pà, n kò mọ ìdí rẹ̀. Èmi náà ń dáhùn nídìí omi ọṣẹ, láìjẹ́ kí ètè mi mì. Mo mọ̀ wọ́n ju Káyọ̀dé lọ.

Àwọn nọ́ńbà wọ̀nyẹn gan-an ni wọ́n sì gbá mi lulẹ̀ níbí.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. A ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Wọ́n so tábìlì gbogbo àtọ́ọ̀mù àti ìwúwo wọn mọ́ ìbéèrè náà, ẹni tó bá fẹ́ á wò ó. Èmi kò wò ó. Kí ni n óò fi tábìlì ṣe? Ṣé èmi, ọmọ tíṣà, ni n óò máa wo kọ́pà nínú tábìlì? Wọ́n ní, tí a bá ní móòlù méjì àti ààbọ̀ kọ́pà, gíráàmù mélòó ni? Mo fi mẹ́rìnlélọ́gọ́ta yín sọ ọ́ di púpọ̀, mo rí ọgọ́jọ. Mo tẹ ọgọ́jọ, mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Kọ̀ǹpútà ní irọ́ ni. Nínú tábìlì tiwọn, 63.55 ni kọ́pà, 158.9 sì ni ìdáhùn tí ó ń retí. Báyìí náà ni áyọ́ọ̀nù, ìyẹn irin, ṣe bá mi jà, báyìí náà ni síńkì. Mo mọ ọ̀nà gbogbo ìbéèrè náà dé ìdí, síbẹ̀ méjìdínlọ́gọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni mo gbà.

Ìrètí, ọmọ-ọmọ yín, tí ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún báyìí, wo ìwé tí mo fi ṣe ìṣirò náà, ó di orí mú. "Mummy, ẹ kàn check the table now. It's right there!" Ohùn rẹ̀ kò gun òkè bó ṣe yẹ nígbà tó bá ń sọ Yorùbá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo ní, "Bàbá mi ni table mi." Ó ní, "Okay, but Grandpa is rounding up." Mo fẹ́ bínú, n kò rí ibi tí mo máa gbà bínú.

Tíṣà wa pè mí lẹ́yìn kíláàsì. Obìnrin kúkurú kan ni, láti Vietnam ni ó ti wá, kì í pariwo. Ó tẹ́ ìwé tí mo fi ṣe ìṣirò síwájú, ó fi ìka sí mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ó béèrè ibi tí mo ti rí i. Mo sọ fún un pé bàbá mi ni. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni àwọn náà kọ́ nílé, pé títí di òní, bí òun bá jí lójú oorun tí wọ́n béèrè kọ́pà, ohun tí òun máa dáhùn nìyẹn. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò fi máàkì kan kún un fún mi o. Ó ní ìwúwo tí ó wà nínú tábìlì ni ìwúwo tí òun gbà, nítorí pé lọ́jọ́ kan, oògùn aláìsàn ni n óò máa wọ̀n. Inú bí mi sí i, mo sì mọ̀ pé ó jàre.

Mo fi lẹ́tà yìí sílẹ̀ níbí ná. Ọwọ́ ń dùn mí.

*

Ọjọ́ Ẹtì nìyí, aago mẹ́wàá àárọ̀. Fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí tábìlì, ife tíì sì ti fi àmì róbótó sí igun rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí mo bá pè yín láti Atlanta, tí a sọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, tí a sọ̀rọ̀ òjò, tí ẹ wá béèrè iṣẹ́, mo máa ń sọ fún yín pé ọ́fíìsì ni mo wà. Irọ́ ni. Union City ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé ìkẹ́rùsí ńlá kan, ọdún kẹsàn-án rè é. Ìbọ̀wọ́ ni mo ń wọ̀, irin sì wà lẹ́nu bàtà mi. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì, ìyẹn irin kéékèèké tí wọ́n fi ń de ẹ̀rọ pọ̀, ni a ń dì sí páálí. N kò fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yẹn kò gbé mi dé ibi tí ẹ wí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ foríjì mí. Irọ́ yẹn nìkan ni mo ń tọrọ àforíjì fún nínú lẹ́tà yìí.

Kò sí ẹni tí ń ka nọ́ọ̀tì níbẹ̀. Ta ni yóò jókòó ka ẹgbẹ̀rún méjì nọ́ọ̀tì? Òṣùwọ̀n kan ni a ní. A ó kọ́kọ́ fi nọ́ọ̀tì mẹ́wàá lé e, a ó sọ fún un pé mẹ́wàá ni. Ó ti mọ ìwúwo ọ̀kan nìyẹn. Lẹ́yìn náà, a ó da ìyókù lé e lórí, yóò wọn ìwúwo wọn, yóò sì sọ iye wọn fún wa. Òṣùwọ̀n kò lójú, kò ka ohunkóhun. Ìwúwo ni ó ń pín sí ìwúwo.

Ní Ọjọ́rú, mo gbé páálí méjì sílẹ̀. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta nọ́ọ̀tì ni ó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan, nọ́ọ̀tì kéékèèké ni, ọmọdé lè gbé e. Èkejì, nọ́ọ̀tì ńláńlá, àfi kí n fi orúnkún tì í. Iye kan náà, ìwúwo ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo dúró gbagidi láàárín wọn. Mo sọ ọ́ sókè pé, "Yéè, móòlù nìyí!" Ọkùnrin tí ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù kọjá bi mí bóyá ara mi yá.

Ara mi yá, Bàbá. Ara mi kò tíì yá tó bẹ́ẹ̀ rí. Móòlù kì í ṣe ohun ìjìnlẹ̀ kankan, páálí ni. Àtọ́ọ̀mù kéré ju kíkà lọ, nítorí náà wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Páálí kan kọ́pà, 63.55 gíráàmù. Páálí kan omi, gíráàmù méjìdínlógún àti díẹ̀. Iye kan náà ni ó wà nínú méjèèjì. Àwọn bàbá ńlá wa kò tilẹ̀ fi èyí ṣe wàhálà. Nígbà tí owó ẹyọ bá pọ̀ ju kíkà lọ, wọ́n á dì í sínú àpò, wọ́n á ní ọ̀kẹ́ kan, kálukú á sì mọ̀ pé ẹgbàáwàá ni. Ọ̀kẹ́ àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ni móòlù. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀kẹ́ tiwọn tóbi: ẹ kọ 602, kí ẹ fi òdo mọ́kànlélógún tẹ̀ lé e.

Kí ló dé tí ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ fún wa? Ọ̀kẹ́ wà lẹ́nu yín lójoojúmọ́. Ṣé ẹ̀yin fúnra yín mọ̀ ọ́n, àbí wọ́n há a sí yín lórí bí ẹ ti há a sí tiwa? Nígbà tí ojú mi ń wo pátákó lọ́jọ́ náà, ṣé ẹ rò pé orí mi kò gba nǹkan ni, àbí ẹ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò tíì ṣàlàyé rẹ̀ fún mi? Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi gbà pé orí mi ni. Mo gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹni gba oyè. Nítorí yín ni n kò ṣe forúkọ sílẹ̀ fún nọ́ọ̀sì nígbà tí mo dé ìlú yìí, tí gbogbo obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa ń forúkọ sílẹ̀.

Ó tán lónìí. N kò ní fọwọ́ sí i. Tí mo bá kùnà, kí wọ́n kọ ọ́ pé mo kùnà, kí orúkọ mi wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ẹlòmíràn ti yọ mí rí, èmi kò ní yọ ara mi. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ yóò bá mi nídìí òṣùwọ̀n.

*

Ọ̀sẹ̀ méje ti kọjá. Ẹ má bínú, n kò ráyè. Mo ń wo tábìlì, Bàbá. Mo ń wò ó fún kọ́pà, mo ń wò ó fún ọ́síjìn, mo tilẹ̀ ń wò ó fún háídrójìn tí gbogbo ayé mọ̀. Àwọn ọ̀dọ́ méjì kan wà nínú kíláàsì wa tí móòlù ń dà láàmú. Mo kó nọ́ọ̀tì tí wọ́n fẹ́ dà nù níbi iṣẹ́ lọ fún wọn, mo tò ó sórí tábìlì, mo ṣàlàyé rẹ̀ bí ó ṣe yé mi. Ó yé wọn láàárín ogún ìṣẹ́jú. Nígbà tí mo ṣe tán, mo bá ara mi níbi tí mo ti ń fẹ́ ìka mi, bẹ́ẹ̀ kò sí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ mi. Àárò yín sọ mí.

Èsì jáde lánàá. B ni. Kì í ṣe A, méjìdínlọ́gọ́ta àkọ́kọ́ yẹn kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n B ni ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ń béèrè. Ìrètí pariwo títí aládùúgbò fi kanlẹ̀kùn. Èmi kò pariwo. Mo dúró kí ó jáde nílé lówùúrọ̀ yìí, mo wá gbé òṣùwọ̀n kékeré tí ó fi ń ṣe kéèkì jáde. Mo gbé ife lé e, mo dá a padà sí òdo, mo bẹ̀rẹ̀ sí bu omi sí i pẹ̀lú ṣíbí tíì. Ṣíbí kìíní. Ṣíbí kejì kò tíì tán nígbà tí ó dé gíráàmù mẹ́sàn-án.

Mo tẹjú mọ́ ọn. Ṣé òun nìyí? Omi tí kò tó ṣíbí tíì méjì yìí ni ẹ torí rẹ̀ lé mi jáde?

Mo mú fọ́ọ̀mù tí n kò fọwọ́ sí, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta, mo ṣe ìṣirò náà sí i. Mo kọ́kọ́ lo nọ́ńbà tiyín: mẹ́sàn-án pín sí méjìdínlógún, ìdajì móòlù. Mo tún lo nọ́ńbà tiwọn, 18.02, ó fi ìwọ̀nba díẹ̀ dín sí ìdajì. Mo sọ méjèèjì di mólékù, mo gé wọn kù sí nọ́ńbà mẹ́ta bí wọ́n ti kọ́ wa. Ibì kan náà ni wọ́n já sí: 301, kí òdo mọ́kànlélógún tẹ̀ lé e. Ìdáhùn ìbéèrè yín nìyẹn. Mo fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ rẹ̀ fúnra mi.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ta omi náà sílẹ̀ fún bàbá wọn. N kò ta ẹ̀kán kan sílẹ̀. Mo gbé ife náà, mo mu gbogbo rẹ̀.

Mo fẹ́ràn yín, Bàbá, n kò sì gbà fún yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ẹ mú jáde ní kíláàsì, tí ó ti fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn padà wọlé.